Omi tí Mo Fi Fọ Ojú Kọ̀ǹpútà

Ilé Bàbá Rẹ,
Ẹ̀yìn Ọjà Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006.

Níyì Àlàmú, ọmọ mi,

Kí n tó sọ ohunkóhun, Ìbíjọkẹ́ àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ọmọ náà sì fi gbogbo ojú jọ bàbá yín, bí bàbá yín ṣe máa ń fún ojú pọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i gan-an ni òun náà ń fún un pọ̀. Olújìmí tó ń gbé lójúde wa ti gbé ìyàwó, ọmọ ará Alápẹ̀rẹ̀ ni, ìyá ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó débi pé a rò pé ó fẹ́ gbà á padà ni. Loveth tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn bí ìbejì, ó ní òun kò mọ orúkọ tí àwọn Yorùbá máa ń sọ ìbejì, mo ní kí ó fi ọkàn balẹ̀, wọ́n ti mú orúkọ wọn bọ̀ láti ọ̀run. Bàbá Ọláìyá tí ìyàwó rẹ̀ kú náà ti fẹ́ òmíràn, ó ní kì í ṣe nǹkan mìíràn, òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun wá awò ojú òun ni.

Ó yá, mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé Dorothy ìyàwó mi wà dáadáa, ṣé Dárasími ti ń jẹun bí ènìyàn báyìí tàbí ìrẹsì nìkan ni ó ṣì mọ̀? Ọlọ́run tí ó mú yín gun òkè Àbújá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ má gbádùn, ìgbádùn yín ni yóò máa wò sùn. Àwa tí a wà ní abúlé kò ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé o máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pe Ìkòsí ní abúlé, o ó ní Màmá, Èkó ni ẹ wà o. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kó dé láti Ìjẹ̀bú, igbó ni gbogbo ẹ̀yìn wa títí dé ọ̀nà Ṣangiṣa, àgbàdo ni a ń gbìn síbi tí àwọn olówó kọ́ ilé sí báyìí. Bí wọ́n bá kọ́ ilé yí abúlé ká, ṣé abúlé náà yóò torí ìyẹn gbàgbé orúkọ rẹ̀ ni?

Wo ìwé yìí dáadáa. Kì í ṣe Ọpẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó bá mi kọ ọ́, ọwọ́ èmi fúnra mi ni. Lẹ́tà tí ẹlòmíràn bá bá ni kọ dà bí ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn bá ni tọ́ wò, ó lè ní ó dùn, ṣùgbọ́n ahọ́n tirẹ̀ ni. Kíláàsì àwa àgbà tí a ń ṣe ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́, mo ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń pe a, b, d. Mo ti dé ibi tí ènìyàn ti ń ka odidi ìtàn. Ọ̀gbẹ́ni Elkanah tí ó ń kọ́ wa, ọmọ kékeré ni, kò ju Ọpẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, gbogbo wa tí a lè bí i ni a ń pè é ní Sà. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé bí gbogbo kíláàsì bá ń kàwé bíi ti Màmá Níyì, òun ìbá ti sinmi. Mo kàn ń ròyìn ni, n kò fi yangàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi jókòó wá dé báyìí. Dorothy pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà má jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo sọ. Ó ní ìdánwò ìgbéga tí o ṣe ní ọ́fíìsì yín lọ́dún tó kọjá, tí o kùnà, kò tí ì kúrò lọ́kàn rẹ. Ó ní ẹni tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá rẹ, o sì ń kí i láràárọ̀. Ó ní oṣù Kọkànlá ni ẹ óò tún un ṣe, àti pé ẹni tí ó bá tún kùnà, ibi tí ó jókòó sí ni yóò jókòó sí títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo èyí kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbẹ̀yìn, pé o ń sọ pé orí rẹ ti bàjẹ́. Pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó ìwé ìdánwò náà sí fún yín, pé o kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, o tún un kà, ṣùgbọ́n nígbà tí o dé gbọ̀ngàn, ó ti yọ́ lọ bí omi orí ewé kókò. Pé o bi òun léèrè bóyá àwọn ayé ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àti pé o fẹ́ lọ sọ fún wọn kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò, o kò ṣe ìdánwò kankan mọ́.

Níyì, ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Orí tí ó mọ orúkọ gbogbo ìdílé tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé Alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí o ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí àwọn àgbà ń pè ọ́ kí o wá sọ ẹni tí ó bí ẹni fún àwọn, ta ni ó sọ fún ọ pé ó ti bàjẹ́?

Mo kọ́kọ́ gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ara mi pé ẹni tí ẹran rẹ̀ sọnù, bí ó bá gbàdúrà tán, á wo ipa ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀. Mo ní kí n lọ wo inú kọ̀ǹpútà yìí tí ìwé ọmọ mi ń gbé. Ọlọ́run sì la ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Elkanah fẹ́ fún wa ní ìtàn tuntun kà. Ọpẹ́ ni ó bá a tẹ̀ ẹ́ ní kafẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu, ilé tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí bí wọ́n ṣe ń to àga sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ènìyàn ń jókòó síwájú wọn tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kí ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ń tẹ bébà náà jáde lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, èyí tí ó jáde kò sì kárí wa. Ọ̀gbẹ́ni Elkanah ní kí àwọn kan gba bébà, kí àwọn tí ó bá lè dé Kétu lọ kà á nínú kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Ọpẹ́ nígbà tí iná bá dé. Kí ó tó pa ẹnu dé, mo ti dìde. Mo ní èmi ni yóò lọ, ọmọ ọmọ mi ni ó wà níbẹ̀. Àbúdù, bàbá kan tí ó ń ta àlòkù irin ní Owódé Onírin, tí ó jẹ́ pé òun ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú wa, ní kí wọ́n fún òun ní bébà òun jàre, òun kò ní lọ máa wo tẹlifíṣọ̀n kí òun sì máa pè é ní ìwé kíkà. Mo wò ó bí ẹni tí ó ti rí òkun ṣe ń wo ẹni tí ọ̀sà ń bà lẹ́rù.

Níyì, mo rí nǹkan. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti àwọn mélòó kan nínú kíláàsì jọ lọ. Ọpẹ́ fi mí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan, ó fi ọwọ́ mú nǹkan kékeré kan tí ó dà bí ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi okùn so, ó fi gún tábìlì díẹ̀, ìtàn náà sì là wá lójú mi bí òwúrọ̀. Ṣé o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Kì í ṣe pé wọ́n tan iná sí i láti ìta, láti inú rẹ̀ ni ó ti ń mọ́lẹ̀ bọ̀, bí ẹni tí ó gbé fìtílà mì. Mo dìde, mo kí i. Ọpẹ́ ní Màmá, ẹ jókòó, kì í ṣe ènìyàn o. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá mọ ìtàn tó báyìí, kò burú bí a bá kí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí mo bá ti ka ìlà kan, Ọpẹ́ á fi ọwọ́ yí nǹkan, ìtàn náà á gòkè, ìlà tí mo ti kà yóò wọ inú òrùlé kọ̀ǹpútà lọ, n kò ní rí i mọ́. Mo dìde lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, okùn nìkan ni mo bá. Mo ní Ọpẹ́, àwọn tí ó lọ yẹn, níbo ni wọ́n ń lọ? Ó ní wọ́n wà níbẹ̀. Mo ní níbẹ̀ níbo? Ó ní lókè. Mo gbójú sókè, àjà ilé ni mo rí. Àwọn tí ó jókòó nítòsí ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń bá tèmi lọ, ìtàn náà sì ń sáré lójú mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹlòmíràn ń bá a tu ú. Kí n tó mọ̀, mo ti kà á tán. Kò rẹ̀ mí rárá. Mo jáde, mo ní ìyà ìwé kíkà ti tán láyé.

Ìtàn náà, ti ọkùnrin kan ni tí ó ń jẹ́ Shittu. Ìyàn mú, ó fa abo àgùntàn rẹ̀ jáde nílé, ó fi gba ẹní lọ́wọ́ olówó kan, ó fi ẹní gba ìkòkò, ó fi ìkòkò gba ọkọ́, ọkọ́ náà ni ó fi ro oko fún olówó yẹn kan náà. Nígbà tí ó ro oko tán, olówó náà fún un ní ọmọ àgùntàn kékeré kan. Shittu gbà á mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni ó parí sí.

Nígbà tí a padà dé kíláàsì, Ọ̀gbẹ́ni Elkanah ní kí gbogbo wa pa ìwé dé. Ó bi wá pé kí ni Shittu kọ́kọ́ fi àgùntàn rẹ̀ gbà. Mo na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó na tirẹ̀, mo ní ìkòkò. Ọ̀gbẹ́ni Elkanah mi orí. Mo ní ọkọ́ ni, Sà. Ẹnì kan pòṣé. Níyì, mo mọ̀ pé ẹní wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ìkòkò wà níbẹ̀, mo rí gbogbo wọn pẹ̀lú ojú mi, ṣùgbọ́n wọ́n kó jọ sínú orí mi bí ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀ láti inú lọ́rí ní Mile 12, kò sí èyí tí ó mọ èkejì rẹ̀. Ó tún bi wá pé kí ló dé tí Shittu fi sunkún. Mo ní ẹkún ayọ̀ ni, ṣé ẹni tí ebi ń pa tí ó rí ọmọ àgùntàn gbà kò ní yọ̀ ni? Àbúdù na ọwọ́ sókè. Àbúdù o! Ó ní ayọ̀ kọ́, Sà, àgùntàn tí ó kọ́kọ́ fà jáde yẹn lóyún, ọmọ àgùntàn ilé rẹ̀ ni wọ́n tún ń fún un gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ó wá yí sí mi, ó ní Màmá Níyì, oyún gbàǹgbà báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ tó báyìí, ẹ ò rí i? Gbogbo kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó ní òkè ojú ìwé kìn-ín-ní ni ó wà, lápá ọ̀tún. Ó ní òun náà ti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òun dé ibi ẹkún tí kò yé òun, òun ṣí ìwé padà lọ wò ó.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn tí a jọ lọ sí kafẹ́, bí mo ti sọ ọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé àgùntàn wà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó lóyún nínú wa. Ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rín Àbúdù. Ìwọ ni mo rò. Mo ní ohun tí ó ṣe ọmọ mi ní Àbújá rèé, ó ti ṣe èmi náà ní Kétu.

Kàdíjátù tí ó jókòó tì mí, tí ó ń ta ata ní Mile 12, rí ojú mi, ó ní kí n má banú jẹ́. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní ilé kéwú, wàláà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn. Pákó pẹlẹbẹ ni, àfáà á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọmọ á gbé e lé itan, á máa kà á sókè, á máa mi síwá-sẹ́yìn. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á fi omi fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò kí àyè lè wà fún òmíràn, àwọn mìíràn á sì mu omi náà kí ó lè jókòó sínú wọn. Ó ní títí di òní, bí òun bá pa ojú dé, òun ṣì ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára pákó náà, èyí tí ó wà níbi kókó igi, èyí tí ó wà níbi tí etí pákó ti ya. Ó ní kò lè sọnù mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí òun mọ ilé rẹ̀. Mo ní wọ́n ń mu omi rẹ̀? Ó ní wọ́n ń mu omi rẹ̀.

O mọ ìyá rẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìtàn Shittu kì í ṣe ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ọ̀rọ̀ ara pákó bá ṣe é fọ̀, kí ló dé tí ti ojú kọ̀ǹpútà kò ní ṣe é fọ̀? Mo ní bóyá ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gbàgbé nìyí, ẹ̀ ń kà á, ẹ kì í fọ̀ ọ́. Mo bu omi tó mọ́ sínú agolo, mo mú aṣọ funfun tuntun, mo mú ife, ó di Kétu. Mo ní kí Ọpẹ́ ṣí ìtàn náà fún mi. Nígbà tí ó yíjú láti dá ẹlòmíràn lóhùn, mo ti aṣọ bọ omi, mo fi nu ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fún aṣọ náà sínú ife.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé tí ó ni kafẹ́ náà fi igbe ta débi pé àwọn tí ń kọjá lọ ní títì yà wọlé. Ó ní yéè! Màmá, iná wà nínú nǹkan yìí o, ṣé ẹ fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni! Ọpẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sọ pé Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìyá ìyá mi ni, ẹ wò ó, kò bàjẹ́, ó ṣì ń tàn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún ọ yìí. Ó wò mí, ó wo ife, ó jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àga. Ó ní Ọpẹ́, jọ̀ọ́, mú Màmá lọ sílé, kí n má sunkún lójú kọ́sítọ́mà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo rí. Mo gbé ife náà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Omi náà mọ́ gaara. Eruku díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí dúdú kankan. Mo yíjú padà wo kọ̀ǹpútà, ìtàn náà wà níbẹ̀ lódindi, lẹ́tà kan kò ṣípò. Mo fọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ tí kò ní tàdáwà! Ojú rí i, ọwọ́ kò bá a. Ó dà bí òjìji ẹyẹ tí ó kọjá lójú odò, odò kò mọ̀ pé ẹyẹ kọjá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo omi inú ife, mo ní Ọlọ́run, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn tí o dá ti dé ibí yìí?

Mo bẹ Ọpẹ́ kí ó tẹ ìtàn náà sórí bébà fún mi kí a tó lọ. Àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó pọ bébà jáde, bébà náà gbóná lọ́wọ́ mi bí àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Mo mú un délé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìka sí abẹ́ ìlà kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, kò fi ẹyọ kan lé e, kò yọ ẹyọ kan kúrò. Mo rìn, mo dúró, mo padà sẹ́yìn. Mo rí àgùntàn náà ní òkè lápá ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ikùn rẹ̀ fẹ̀, kò lè yára tẹ̀lé Shittu. Epo àkàrà tí mò ń jẹ kán sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Mo bá ẹní ní àárín, mo bá ìkòkò níbi tí bébà ti ká. Nígbà tí mo ṣí i sí ojú kejì, tí mo dé ibi ọmọ àgùntàn, mo ti mọ ìyá rẹ̀ kí Shittu tó mọ̀ ọ́n. Èmi náà bú sẹ́kún. Ìtàn tí ó ti kọjá lójú mi tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Títí di ìsinsìnyí n kò gbàgbé rẹ̀. Mo lè wà nídìí ààrò, kí n ní kí n wá ọkọ́ Shittu, mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ojú kìn-ín-ní ni ó wà, lápá òsì, nítòsí ibi tí mo di bébà náà mú. Ta ni ó kọ́ orí ní iṣẹ́ yìí? Èmi kò rán an pé kí ó máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pín yàrá fún wọn, bí onílé tí ó mọ gbogbo ayálégbé rẹ̀ lórúkọ. Nínú bébà, ọ̀rọ̀ ń gbé ilé. Nínú kọ̀ǹpútà, èrò ọ̀nà ni, o kò lè béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún kíláàsì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní òun kò gbà, ó ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mo ní yíyó kọ́ ni mò ń sọ, bí oúnjẹ ṣe ń dúró nínú ni mò ń sọ. Kàdíjátù ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, ó ní Màmá Níyì, ta ló sọ fún yín pé fífọ̀ ni ó ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n? Ó ní ẹni tí kò bá tí ì lè sọ ọ́ láìwò, àfáà kì í jẹ́ kí ó fi omi kàn án, ẹ̀yin wá lọ fọ wàláà tí ẹ kò tí ì mọ̀! Ọ̀gbẹ́ni Elkanah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tàdáwà yẹn, òun kò lè jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n bí òun náà bá ń kàwé nínú kọ̀ǹpútà, ojú òun máa ń sáré bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri, òun á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ ṣókí kò ní wàhálà, ibikíbi tí a bá kà á, yóò yé ni. Ìwé gígùn, èyí tí iwájú rẹ̀ gbára lé ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó máa ń sọnù mọ́ ni lọ́wọ́.

Ó ní kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọpẹ́ mú Àbúdù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn èyí, ó sọ lẹ́tà di ràbàtà bí èyí tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn lọ́rí. Àbúdù tí ó ń gbé bébà kan imú kí ó tó lè rí i, yọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á lọ geerege, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nítorí náà, Níyì, gbọ́ ohun tí ìyá rẹ wí. Orí rẹ kò bàjẹ́. Ayé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Orí kan náà ni mo gbé lọ sí kafẹ́ tí mo gbé padà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú kan náà, ìtàn kan náà, ibi tí mo ti kà á nìkan ni ó yàtọ̀. Má yọ orúkọ rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, bí ó bá jẹ́ pé ọmú mi ni o mu, má yọ ọ́. Tẹ ìwé náà jáde, gbogbo rẹ̀, kí ó ní iwájú àti ẹ̀yìn tí o lè ṣí. Fi ìka kà á, má tijú ẹnikẹ́ni. Má sáré, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá dé ibi tí kò yé ọ, padà sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé àgùntàn kan ti lóyún níbẹ̀ tí o kò rí i. Kà á sókè sí etí Dorothy. Pa ìwé dé, kí o sọ ọ́ láìwò, kí o tó ṣí ojú tí ó kàn. Bí epo bá kán sí i, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi omi kan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn o, àwọn ti Àbújá lè má ní sùúrù Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní ìwé náà pọ̀, pé ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí ẹ fi bébà wọn tẹ ti ara yín, àti pé owó ilé ìwé Dárasími ni o ń wá. Lẹ́tà tí mo bá kọ sí ọ, owó ni mo máa ń fi parí rẹ̀, mo mọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi máa ń kọ́kọ́ ka ìparí. Lọ́tẹ̀ yìí n kò béèrè. Mo lọ sí báǹkì ní Kétu. Ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì gba owó lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ fi rọ́bà so tèmi lọ́tọ̀, kí ó má baà ṣìnà pẹ̀lú owó ẹni tí n kò mọ̀. Ó ní Màmá, owó yín ti dé Àbújá. Mo ní èyí tí mò ń wò nínú dúrọ́ọ̀ yìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo di ògiri mú. Ayé yìí ti kọjá ibi tí mo lè wò dé, Níyì, ó kù kí ọlá Ọlọ́run máa ṣọ́ wa nínú rẹ̀.

Iyè rẹ yóò sọjí. Ohun tí o bá kà kò ní jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá wọ gbọ̀ngàn náà, ìbéèrè yóò bá ìdáhùn nílé, wọn yóò sì kí ara wọn. Ẹni tí o kọ́ níṣẹ́ yóò bá ọ yọ̀ tọkàntọkàn, ìwọ náà kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èmi Àrìnkẹ́ ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi súre yìí, mo sì fi ọwọ́ náà kọ ọ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́, fún bébà àti fún títẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe fún ẹran: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.